Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹgbẹ́ TAMPAN: nítorí iwin inú fíìmù wa

Ẹ̀yin olóyè àti ọmọ TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe tíátà àti fíìmù ní Nàìjíríà, ẹ̀yin bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa nídìí iṣẹ́ tíátà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ títo fíìmù ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Bí ẹ bá ti ṣeré tán, tí ẹ palẹ̀ mọ́ kúrò ní lókéṣọ̀n, ọ̀dọ̀ irú wa ni gbogbo ohun tí ẹ yà máa ń bọ̀. Àwa la ó jókòó tì í lóru, tí a ó máa gé e, tí a ó máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ yìí ló mú mi kọ̀wé sí yín ní gbangba, nítorí kò kan ẹnì kan ṣoṣo.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé fíìmù kan wá fún mi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ọmọlúàbí ni àwọn tó ṣe é, gbogbo ohun tí wọ́n ní ni wọ́n sì ná lé e. Ìtàn náà dùn. Ìyá alákàrà kan wà ní oríta tó ní oníbàárà tuntun. Oníbàárà yìí kì í wá àfi bí gbogbo ayé bá ti sùn, àwìn ló sì máa ń rà. Iwin ni. Ìyá náà mọ̀ pé iwin ni, gbèsè ló ká a lára. Ẹ̀rù àti ẹ̀rín ń lé ara wọn kiri nínú eré yẹn bí ọmọdé méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ibi tí iwin yóò ti fojú hàn, owó ti tán. Wọ́n wa egungun oníwo kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe géèmù lókè òkun, wọ́n ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá alákàrà. Mo sa gbogbo ipá mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Iná àdògán ń tàn láti ọwọ́ òsì, ìmọ́lẹ̀ ara iwin ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fi han àwọn ará àdúgbò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ara wọn mú, títí iwin fi yọ. Yàrá pa rọ́rọ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọmọ kékeré kan tó jókòó sórí ẹní níwájú wo egungun náà títí, ó wá béèrè pé, "Iwin ọ̀hún wá dà?"

Kò pẹ́ sí i, ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Mo sọ ìtàn ìyá alákàrà fún un. Ó lọ bu amọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó fi mọ iwin tirẹ̀. Ojú kan tóbi ju ìkejì lọ. Ó fi ewé gbígbẹ ṣe irun rẹ̀, ó fi bọ́tìnì aṣọ ṣe eyín. Mo to bíríkì lé ara wọn, mo gbé fóònù lé e, mo ní kó máa sún iwin náà díẹ̀díẹ̀, bó bá ti sún un ni èmi náà ń ya fọ́tò. Fọ́tò 96 la yà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, iwin amọ̀ rìn fún ìṣẹ́jú-àáyá 8. Ó ń rìn bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá alákàrà kí n kàn dán an wò. Ìyá mi tó jókòó lẹ́yìn mi ké, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe ń wo àkàrà!" Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà, torí fíìmù yẹn ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti wà lórí YouTube pẹ̀lú egungun oníwo nínú rẹ̀.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò ju èyí lọ. Fíìmù tó ń dẹ́rù bani tó sì ń pani lẹ́rìn-ín, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ jẹ́ ká máa fi ọwọ́ ṣe iwin inú rẹ̀: ká mọ ọ́n, ká gbẹ́ ẹ, ká yà á, ká wá mú kó máa rìn láàárín àwọn òṣèré gidi. Àìlówó kọ́ ló ba fíìmù ìyá alákàrà jẹ́. Bí a ṣe fẹ́ fi bò pé a ò lówó ló bà á jẹ́. Iwin olówó ńlá tí a kò lè san owó rẹ̀ tán máa ń dà bí aṣọ àyálò, gbogbo ojú ló ń rí i pé kò bá ẹni tó wọ̀ ọ́ mu.

Àwọn baba wa tó ń ṣe apidán mọ ọgbọ́n yìí kí a tó bí sinimá. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí òun ń pè ní Katunga. Wọ́n ṣeré fún un láàfin, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn tí àpò bò látòkè délẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Lẹ́yìn náà erè yọ orí nínú àpò, ó ń nà sọ́tùn-ún, ó ń nà sósì, ó ń ṣe bí ẹni fẹ́ bu ènìyàn jẹ. Ènìyàn ló wà nínú erè yẹn. Nígbà tí erè lọ tán, òyìnbó dé: ẹ̀dá kan tó funfun bí àbẹ́là, tó rù hangogo, tí òtútù ń mú, tó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, tó ń fín aáṣà. Àwọn èrò ìwòran ń yíjú sí Clapperton pé ṣé ó rí i báyìí. Ó rí i. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òṣèré náà sín òyìnbó jẹ débi tó yẹ ká yìn ín.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ẹ̀rù ló ṣáájú, ẹ̀rín tẹ̀ lé e, nínú eré kan náà, lójú agbo kan náà, aṣọ àti ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo rẹ̀. Èmi fúnra mi ti wà lójú agbo bẹ́ẹ̀ nígbà èwe mi. Mo rí ẹni tó di ọ̀nì lórí ilẹ̀. Mo rí ibi tí wọ́n ti rán aṣọ náà. Mo rí atẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn lábẹ́ ìrù rẹ̀. Mo sá títí mo fi dé ẹ̀yìn ìyá mi, ibẹ̀ ni mo ti ń yọjú, tí mo ń rẹ́rìn-ín. Atẹ́lẹsẹ̀ tí mo rí yẹn kò gba ẹ̀rù kúrò lára mi. Òun gan-an ni mo rántí jù títí dòní.

Sinimá náà kò pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Ní 1907, J. Stuart Blackton ti ilé iṣẹ́ Vitagraph l'Amẹ́ríkà ṣe fíìmù kékeré kan nípa hòtẹ́ẹ̀lì tí àǹjọ̀nú ń gbé. Àlejò dé, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, ọ̀bẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé búrẹ́dì láìsí ọwọ́ tó dì í mú. Ẹnì kan ló ń sún ọ̀bẹ náà bí eékánná, tó ń bọ́ sẹ́yìn kí kámẹ́rà yà á, tó tún ń padà wá sún un. Tábìlì kan, ọ̀bẹ kan àti sùúrù. Àwọn ará Faransé fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn náà ń wá bí wọ́n ṣe ṣe é kiri.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ni èyí tí wọ́n ṣe ní Japan ní 1977, tí wọ́n pè ní "House". Toho, ilé iṣẹ́ tó ṣe Godzilla, ló ń wá ohun tí yóò pa owó bí fíìmù Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Jaws ṣe pa owó ní 1975. Wọ́n ké sí Nobuhiko Obayashi, ẹni tó jẹ́ pé ìpolówó ọjà orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Obayashi kò jókòó ti fíìmù àwọn ẹlòmíràn láti wá ohun tí yóò fi dẹ́rù ba ènìyàn. Ó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin, Chigumi, tó ṣì kéré, ó ní kí ló ń bà á lẹ́rù. Ọmọ náà ní òun ń bẹ̀rù kí òjìji òun inú dígí má fò jáde jẹ òun. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé piano yóò bu òun níka jẹ. Bàrà tí wọ́n sọ sínú kànga kó lè tutù, ó ní nígbà tí wọ́n bá ń fà á sókè, ó ń jọ orí ènìyàn. Gbogbo rẹ̀ ni Obayashi kó sínú eré. Ó sọ pé àgbàlagbà kì í ronú kọjá ohun tó yé e, ọmọdé ló lè ro ohun tí kò ní àlàyé.

Toho gba ìwé eré náà, ṣùgbọ́n àwọn olùdarí tó wà nílé iṣẹ́ náà kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó tó bí ọdún méjì kí wọ́n tó gbà fún Obayashi pé kó darí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin méje ni, tí wọ́n lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àǹtí ọ̀kan nínú wọn ní ìgbèríko, tí ilé náà sì ń jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Piano gbé èyí tó fẹ́ràn orin mì, ìka rẹ̀ tó já ṣì ń tẹ orin lọ. Orí tí wọ́n fà yọ nínú kànga bu ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ ní ìdí. Tìmùtìmù àti ẹní ya bo ẹlòmíràn. Ojú sánmà inú fíìmù náà, kíkùn ni wọ́n kùn ún. Iná àti mọ̀nàmọ́ná, yíyà ni wọ́n yà á lé orí àwòrán àwọn òṣèré. Apá àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin ń léfòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí àwòrán tí ọmọdé fi síọ́ọ̀sì gé nínú ìwé ìròyìn. Obayashi mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè ṣe é kó jọ òótọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ó fẹ́ kó jọ ohun tó ti orí ọmọdé jáde.

Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí ohun tó wà nídìí rẹ̀. Àǹtí onílé yẹn ti kú tipẹ́. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló lọ sójú ogun, ó ṣèlérí pé òun ń bọ̀, kò bọ̀, obìnrin náà ń dúró dè é títí ó fi kú, ìdúró yẹn ló sì di ohun tó ń jẹ àwọn ọmọbìnrin. Onomichi, ní ìpínlẹ̀ Hiroshima, ni wọ́n bí Obayashi sí ní 1938. Ó mọ ohun tí ogun kó lọ. Ó gbé ìbànújẹ́ tó tó báyìí sínú eré tí ológbò inú àwòrán ti ń tu ẹ̀jẹ̀, tí ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, kò sì bà á jẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn alárìíwísí ìgbà náà kò kà á sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ rọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi í hàn. Obayashi kú ní oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n ṣì ń wo fíìmù yẹn kárí ayé.

Mo lè fi Sam Raimi, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, kún un, torí tirẹ̀ sún mọ́ ìyà tí ẹ̀yin náà ń jẹ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lọ ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn dókítà àti lọ́yà ní Michigan kí wọ́n tó lè ṣe The Evil Dead, tó jáde ní 1981. Gbogbo owó rẹ̀ kò ju nǹkan bí 375,000 dọ́là lọ. Ahéré onípákó kan nínú igbó ní Tennessee ni wọ́n ti yà á. Wọn kò lówó ẹ̀rọ tó ń gbé kámẹ́rà, wọ́n dè é mọ́ pákó, ènìyàn méjì gbé pákó náà, wọ́n ń sáré nínú igbó. Eré sísá yẹn ló di ojú àǹjọ̀nú tó ń bọ̀. Níparí, nígbà tí àwọn òkú yóò rà, amọ̀ àti ọmọlangidi ni Tom Sullivan àti Bart Pierce fi ṣe é, wọ́n ń yà á ní fọ́tò kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní 1987 tí wọ́n ṣe apá kejì, ẹ̀rín wọ inú rẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ akíkanjú inú eré ya wèrè, ó ń fọ́ àwo mọ́ olówó rẹ̀ lórí. Òkú ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jáde nínú sàréè láìní orí, ó ń jó lábẹ́ òṣùpá, ọmọlangidi kékeré tí wọ́n ń sún lára ni ijó yẹn.

Nílé wa níbí, a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀rù rẹ́rìn-ín. Bàbá Sàlá wọ gíláàsì tí kò ní dígí, ó so táì tó tóbi ju ọrùn lọ, ó de aago tábìlì mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹ̀dá tí ènìyàn fi pẹ́ńsù yà ni, kó tó bọ́ sórí ìtàgé. Ní 1982, nínú Ọ̀run Móoru, ó gbé ọkùnrin tí gbájúẹ̀ sọ di aláìní lọ sọ́dọ̀ àwọn òkú, ẹ̀rín sì gba ibẹ̀ kan. Ọ̀gá Ògúndé ti fi kámẹ́rà pa idán ogun Ọ̀ṣẹ́túrá àti àwọn àjẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, nínú fíìmù Aiyé ní 1979. Ní 1993, nígbà tí Bàbá Wándé ń sá fún ikú nínú Tí Olúwa Nilẹ̀, ta ló wò ó tí kò rẹ́rìn-ín, tí àyà rẹ̀ kò sì já? Àwa tí a dàgbà díẹ̀ tún rántí Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó ń ya àwọn òṣèré tíátà ní fọ́tò, tó ń fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu nínú róbótó bíi ti kàtúùnù. Ènìyàn gidi àti àwòrán yíyà ti wà lójú ewé kan náà ní Yorùbá láti ìparí àwọn ọdún 1960. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ kí a gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ tí a kò mú un rìn.

Àwọn tó lè yà á kò sì jìnnà. Ní Òṣogbo ní 1964, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí Georgina Beier ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ló mú Twins Seven Seven jáde, ọkùnrin tó ń ya iwin bí ẹni tó ń bá wọn jẹun: iwin tí ojú kún ara rẹ̀, ẹyẹ tí ẹyẹ wà nínú rẹ̀, ẹja tó ní ọwọ́. Ó kú ní 2011, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ ọnà Òṣogbo ṣì wà. Àwọn tó ń kọ ara mọ́tò wà, àti àwọn tó ń ya orí sára pátákó onígbàjámọ̀, tí bánà fulẹ́ẹ̀sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn ní Bẹẹrẹ tó ń ta káàdì fóònù báyìí. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní tákàdá méjìlá, kí ẹ ní kó ya egbére tó ń sunkún tòun ti ẹní rẹ̀ ní ìgbà méjìlá, kí omijé ojú rẹ̀ máa sún sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá kan nìyẹn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fíìmù máa ń lo àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n bí a bá ya 12, tí a sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀méjì, ojú gbà á. Iwin tí yóò yọ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, àwòrán 120 ni. Áàpù tó ń tò ó lórí fóònù wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ má ṣe yà á lójú oòrùn, torí oòrùn ń rìn, òjìji yóò máa sá kiri. Kí ẹ má fi iná NEPA yà á, torí bí wọ́n bá mú iná lọ ní àwòrán ọgọ́ta tí wọ́n sì dá a padà pẹ̀lú agbára mìíràn, àwọ̀ amọ̀ yóò yí padà lójú gbogbo ènìyàn. Iná tó ń lo bátìrì méjì tó. Òṣèré gidi pàápàá, a lè yà á báyìí. Norman McLaren ti ṣe é ní Canada ní 1952: ó ní kí ọkùnrin fò sókè, ó yà á nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, ó ní kó tún fò. Nígbà tó tò ó, ọkùnrin ń rá bàbà lójú òfuurufú. Àjẹ́ wa ìbá fò báyìí láìná kọ́bọ̀.

Ẹ tún rántí Madam Koi Koi, ìyá tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ba gbogbo ọmọ tó bá gbé bọ́dìn rí, tó jẹ́ pé ìró bàtà gogoro rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ lóru. Bàtà pupa méjì tó ń dá rìn lọ ní kọ́rídọ̀, ọmọ ilé ìwé gidi tó bo orí sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Bàtà ọ̀hún náà rí ihò kan ní kapẹ́ẹ̀tì, ó kọsẹ̀. Èló ni bàtà méjì ní Gbági? Àkúdàáyà tó lọ fẹ́ ìyàwó nílùú mìíràn ń kọ́? Kí ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè bí Obayashi ṣe bi tirẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ní aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn lóru ló ń ba òun lẹ́rù jù, pàápàá tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sínú apá ẹ̀wù.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò sọ pé ohun awo kì í ṣe ohun à ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé eégún ilé ẹlòmíràn sínú amọ̀. Ṣùgbọ́n iwin inú àlọ́ kì í ṣe awo. Egbére kì í ṣe awo. Àwọn apidán fúnra wọn mọ ibi tí ààlà wà láàárín ohun tí wọ́n ń bọ nínú ìgbàlẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń gbé jáde fún ìran. Ẹ lè pe àwọn tó mọ̀ ọ́n láàárín yín kí wọ́n máa tọ́ ọ̀dọ́ sọ́nà.

Ẹlòmíràn yóò ní kí ló dé tí a ó máa fọwọ́ mọ amọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ti wà tó ń fúnra rẹ̀ yàwòrán bí ènìyàn bá ti sọ ohun tó fẹ́ fún un. Mo ti lò ó. Iwin tó mú wá fún mi dán, ó rẹwà, egungun oníwo ni ní ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún. Kò tíì gbọ́ nípa gbèsè àkàrà.

Ohun mẹ́ta ni mo ń tọrọ lọ́dọ̀ yín, èyí tó kéré jù ni mo kà sí pàtàkì jù. Nígbà tí ẹ bá wà ní lókéṣọ̀n níbi tí iwin yóò ti yọ, kí ẹ tó palẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé kámẹ́rà kúrò níbi tó wà. Ẹ ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ya ibẹ̀ lófìfo fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Kí òṣèré wo ibi kan pàtó, kí ẹ ri igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kí ojú rẹ̀ má baà rìn. Kí ẹnì kan kọ ibi tí iná ti ń bọ̀ sínú ìwé. Kò ná yín ní nǹkan kan. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí àdògán yẹn, ẹsẹ̀ iwin ìbá kan ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹni tí yóò ṣe iwin ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ń ka ìwé eré, kí orúkọ rẹ̀ sì jáde níbẹ̀rẹ̀ fíìmù pẹ̀lú ti olùdarí. Ẹ̀yìn tí owó ti tán ni wọ́n máa ń pè wá.

Èkejì, kí ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú àpèjọ ọdọọdún yín fún fíìmù ìṣẹ́jú 5 tí iwin ọwọ́ wà nínú rẹ̀, ní Yorùbá, láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọ iléèwé. Ẹ̀bùn owó kò pọn dandan. Kí Ọ̀gbẹ́ni tàbí Ìyáàfin kan tí gbogbo ayé mọ̀ gbà láti ṣeré nínú èyí tó bá dára jù ti tó. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka yín ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pe àwọn ayàwòrán, àwọn agbẹ́gilére àti àwọn tó ń ṣe ọmọlangidi jókòó pẹ̀lú àwọn òǹkọ̀wé eré ní ọjọ́ Sátidé kan péré. Èmi yóò wá ti Ìbàdàn láìgba owó ọkọ̀, n óò gbé fóònù àti bíríkì mi lọ́wọ́.

Ọmọ àbúrò mi ti padà sí Ṣakí. Kó tó lọ, ó to iwin rẹ̀ sínú páálí bàtà, ó fi àkísà yí i ká, ó ní kí n má ṣe gbé nǹkan lé e. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti sán, mo ti fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá pè mí, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń béèrè ni pé ṣé wọ́n ti rí eré tí yóò ṣe. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń kọ ọ̀kan lọ́wọ́, iwin ti wà nílẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ọmọ yín tó ń to fíìmù n'Ìbàdàn